Fíríìjì Tí Kì Í Pariwo

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń tú gáàsì fíríìjì dà sínú afẹ́fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé ohun tí mo ń ṣe burú. Ìlọrin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo padà wá sí Òsì, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìlọfà. Bí wọ́n bá gbé fíríìjì tí kò tutù mọ́ wá, ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe ni pé a ó gé ẹnu páìpù tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Gáàsì tó kù nínú rẹ̀ á jáde, á máa dún ṣìì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Kò ní àwọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Tó bá ti dákẹ́, a ó wá ibi tó ti ń jò, a ó fi iná lẹ̀ ẹ́, a ó sì rọ gáàsì tuntun sí i. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bí ọ̀gá tirẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Láti Òsì dé Kòro, láti Ọ̀bọ̀ Ayégúnlẹ̀ dé Ìlọfà, kò sí àdúgbò tí n kò ti tún fíríìjì ṣe. Gbogbo wọn ni mo gé ẹnu páìpù wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ àwa tí ń tún fíríìjì ṣe pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní Ìlọrin. Kí n má parọ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́ àti owó ọkọ̀ tí wọ́n ṣèlérí ni mo torí rẹ̀ lọ. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ló kọ́ wa. Kò pariwo mọ́ wa. Ó kàn bi wá léèrè pé, “Gáàsì tí ẹ máa ń tú sílẹ̀ yẹn, ibo lẹ rò pé ó ń lọ?”

Ẹnì kan nínú wa ní, “Inú afẹ́fẹ́ ni, mà.”

“Inú afẹ́fẹ́ ta ni?”

Ó wá ṣàlàyé pé gáàsì náà kì í ṣègbé. Ó ń gòkè lọ, ó ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, ó sì ń sé ooru mọ́ ayé bí ìgbà tí wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ní àwọn fíríìjì àtijọ́ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun tún ń dá kún un, torí pé iná tí wọ́n ń jẹ ti pọ̀ jù, wọ́n sì ní láti jó nǹkan níbì kan kí iná yẹn tó dé ilé wa. Ó ní kì í ṣe àwa nìkan la fà á, tiwa kọ́ sì ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tiwa, tiwa ni.

Ohun tó gbé ọkàn mi lọ ni èbù iṣu. Ọdún yẹn, òjò tètè rọ̀, gbogbo wa kọ ebè, a gbin èbù. Òjò wá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oòrùn sì mú. Ẹ̀gbọ́n mi hú èbù kan jáde, ó fi hàn mí. Ó ti jinná sínú ebè, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí èyí tí wọ́n sè. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo bá gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, a gbàdúrà fún òjò. Ní ọjọ́ Ajé, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo gé ẹnu páìpù fírísà méjì. Mo jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn ní Ìlọrin, mo ń rántí rẹ̀, ara mi kò sì balẹ̀ mọ́ títí tí a fi túká.

Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe lè fa gáàsì jáde sínú sílíńdà dípò kí a tú u sílẹ̀. Wọ́n ní bí sílíńdà bá kún, ọ́fíìsì kan wà ní Ìlọrin tí yóò máa rán ọkọ̀ wá gbà á. Owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ́ wa, apá mi kò ká a. Mo yọ ẹ́ńjìnnì fíríìjì kan tó ti kú, mo sọ ọ́ di ẹ̀rọ tí ń fa gáàsì, mo wá sílíńdà mẹ́ta, mo tò wọ́n sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ìyàwó mi ń ránṣọ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹ̀rọ tí mo ṣe kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, iná kì í sì í sábà sí, nítorí náà mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ kí n tó lè fa gáàsì jáde. Ó wò mí lọ́jọ́ kan, ó dá máṣíìnì rẹ̀ dúró.

“Bàbá wọn, ẹ ń jó pẹtiróòlù kí gáàsì má baà ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Èéfín tí ẹ ń tú sí wa lójú yìí ńkọ́, ibo ló ń lọ?”

Mo ní èyí tí gáàsì ń ṣe burú ju ti èéfín lọ. Ó ní ó dára, ó padà sí ìránṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé mo ti ń pẹ́ jù, bí mo tilẹ̀ ń ṣàlàyé fún wọn pé nítorí ojú ọjọ́ ni. Àlhájà kan tó ń ta omi tútù lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, tí mo ti ń tún fírísà rẹ̀ ṣe láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ òwò, gbé e lọ bá ẹlòmíràn. Kò bínú sí mi. Ó ní, “Àbúrò, ooru mú, àwọn ènìyàn ń béèrè omi. Tí o bá tún ojú ọjọ́ ṣe tán, màá padà wá.” Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Mo tún wá di ẹni tí ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n má tún fíríìjì wọn ṣe. Bí mo bá rí èyí tó ti gbó, tí ó ń jẹ iná bí ẹní jẹ iyán, màá ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, kí wọ́n ra kékeré tí kò jẹ iná. Ẹni tó ń fi títún fíríìjì ṣe jẹun, tó wá ń sọ pé kí wọ́n má tún un ṣe, ṣé ẹ rí i pé ebi ń bọ̀ nílé onítọ̀hún?

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀rọ̀ Màmá.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, Ìlọfà ni ilé rẹ̀ wà. Láti kékeré ni mo ti ń pè é ní Màmá, òun náà sì ń pè mí ní ọkọ mi, bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe máa ń pe ọmọkùnrin. Ọmọ méjì ló bí. Obìnrin ń gbé Ìlọrin pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọkùnrin sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọkùnrin yìí ló ra fíríìjì tòkunbọ̀ ńlá onílẹ̀kùn méjì fún un, tó fi ọkọ̀ gbé e wá láti Èkó. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àìsàn fi pa ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn, Màmá nìkan ló ń gbé inú ilé.

Èmi ni mo ń tún fíríìjì náà ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, rọ́bà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti là, kò sì sí ọdún tí n kò ní rọ gáàsì sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, torí ó ń jò níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Bí iná bá dé, á kọ́kọ́ gbọ̀n, àwọn ìgò inú rẹ̀ á máa kọlu ara wọn, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà á gbọ́. Ìgbà tí mo lọ wò ó lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo ṣí i. Ìgò omi méjì, ìdajì búrẹ́dì àti ike oògùn ojú ló wà nínú rẹ̀.

Mo ní, “Màmá, fíríìjì yìí ń jẹ iná ju gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí lọ, kò sì mú nǹkan kan tutù.”

“Ó ń ṣiṣẹ́, ọkọ mi. Mo máa ń gbọ́ ọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Màmá, ariwo kọ́ ni iṣẹ́.”

Mo pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú Màmá. Tó bá ti wò ó, àbúrò mi ló ń rí.” Kò pé oṣù kan tó fi ra kékeré kan, ó fi ránṣẹ́ sí mi ní Òsì.

Ọjọ́ tí mo gbé e lọ, ooru mú púpọ̀. Iná wà, nítorí náà n kò ní láti tan jẹnẹrétọ̀. Màmá jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó yí ojú sí ibi tí mo wà. Ó gbọ́ tí mo yọ púlọ́ọ̀gì, tí mo so ẹ̀rọ mi mọ́ ọn.

“Kí lo ń fà jáde nínú rẹ̀?”

“Gáàsì ni, Màmá. Bí mo bá jẹ́ kó tú síta, ó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́.”

“Ojú ọjọ́,” ó wí, bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Èmi àti ọkùnrin méjì la gbé e jáde sínú píkọ́ọ̀pù. Nígbà tí mo wọlé padà, Màmá ti dìde, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí fíríìjì náà ti dúró lára ògiri. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Mo gbé tuntun náà sí àyè rẹ̀, mo tan án, mo sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá. “Ẹ gbọ́, Màmá? Kò pariwo rárá.”

“N kò gbọ́ nǹkan kan,” ó wí.

“Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.”

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ kan tún gbé mi dé Ìlọfà, mo ní kí n yà kí i. Ọ̀sán gangan ni. Mo bá a nínú pálọ̀, ó jókòó, òógùn ti bo gbogbo ọrùn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Fáànù kò yí.

Mo kí i tán, mo ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò tan fáànù?”

“Iná ò sí.”

Gílóòbù ọ̀ọ̀dẹ̀ ń tàn lójú mi. Nígbà tí mo ń bọ̀, ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ilé kẹta sí tirẹ̀ ń lọ, mo sì rò pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé iná dé. Mo ní, “Iná wà, Màmá.”

Ó ní, “Láti ìgbà wo?”

Mo ní n kò mọ̀. Mo tan fáànù fún un. Ó gbé ojú sókè sí atẹ́gùn náà, ó wá sọ̀rọ̀, kò yára. Ó ní ojú òun ti lọ tán láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun kì í rí gílóòbù mọ́, bóyá ó tàn tàbí kò tàn, ọ̀kan náà ni.

“Má sọ fún ọmọ mi o. Bó bá mọ̀, yóò ní kí n wá máa gbé Ìlọrin, n kò sì fẹ́ kú sí ilé ọkọ ọmọ. Fíríìjì yẹn ló máa ń sọ fún mi. Tó bá ti ń kùn, mo mọ̀ pé iná dé, màá dìde tan fáànù, màá tan rédíò. Tó bá dákẹ́, mo mọ̀ pé iná ti lọ. Ó sì máa ń dà bí ìgbà tí ẹnì kan wà nínú ilé pẹ̀lú mi.”

Mo ní ṣé kò wá lè fi fáànù sílẹ̀ ní títàn, kó máa dá yí fúnra rẹ̀ bí iná bá dé? Ó ní òun fi rédíò tí òun ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná dé pẹ̀lú agbára, ó jó o, láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba òun. Mo mẹ́nu kan ẹ̀rọ ìlọta náà, ó ní ìyẹn kò wúlò, torí ẹni tó ni ín tún ní jẹnẹrétọ̀, kò sí bí òun ṣe lè mọ èyí tó ń lò.

Mo ní, “Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Màá ṣe aago kékeré kan fún yín. Bí iná bá dé, á dún lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá lọ, á dún lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé ni màá gbé e wá.”

Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí méjì ni. Gbogbo ohun tí mo nílò fún un wà nínú àpótí mi. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn, ilé ìwé kan ní Ọ̀bọ̀ Ayégúnlẹ̀ ránṣẹ́ pè mí, fírísà wọn ti kú, ẹja sì wà nínú rẹ̀. Sátidé kejì, a lọ sìnkú àna mi ní Kòro. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń fa gáàsì, mo ń wọn sílíńdà, mo ń sọ fún àwọn ènìyàn nípa iná tí wọ́n ń fi ṣòfò. Ìyàwó mi bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan pé aago Màmá ńkọ́. Mo ní ọ̀la.

Ìgbà tí mo parí rẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọfà, aago náà wà nínú àpò mi. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá tó ń gbé ilé kejì ń ti oko bọ̀, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Ó dúró, ó kí mi, ó ní, “Wọ́n ti gbé Màmá lọ sí Ìlọrin láti Ọjọ́bọ̀. Ó ṣubú sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́.”

Mo ní báwo ló ṣe ṣubú.

“Fíríìjì tuntun yẹn ni. Láti àárọ̀ ló máa ń gba ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ sí ìdí rẹ̀, ló máa ń bọ̀, á gbé ọwọ́ lé e lára kí ó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àwa náà ń wò ó láti ojú fèrèsé. A rò pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.”

Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn títí ọlọ́kadà fi ní kí n máa bọ̀, òun ní èrò míràn láti gbé.

Màmá kò padà wá láàyè. Inú oṣù tí àgbàdo tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni ó kú ní Ìlọrin, ní ilé ọkọ ọmọ rẹ̀, níbi tí kò fẹ́ kú sí. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Ìlọfà, wọ́n ṣe ìsìn fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí a dé ilé, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ bá wa gbé fíríìjì àtijọ́ yẹn kúrò. Ó kéré tán, Màmá lo tuntun díẹ̀ kó tó lọ.”

Mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n Màmá ti ní kí n má sọ, mo sì tún mọ̀ pé kì í ṣe nítorí Màmá nìkan ni n kò fi sọ. Mo ní, “Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere.” Ó ní àmín, ó dìde, ó lọ pín oúnjẹ fún àwọn àlejò. N kò tíì sọ fún un di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù láti tún ibẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ tí ọ́fíìsì Ìlọrin ní yóò wá gba gáàsì kò wá rí. Mo gbé sílíńdà àkọ́kọ́, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Òjò ti pa ẹnu rẹ̀ títí tó fi dógùn-ún, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti jò tán. Gáàsì fíríìjì Màmá wà lára ohun tó jò lọ náà. Méjì tó kù ṣì wúwo.

Ìyàwó mi yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù. Mo fi sílíńdà náà hàn án. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀ nípa èéfín. Mo jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀, mo bi í léèrè ohun tí mo ti ń bi ara mi láti ìgbà ìsìnkú.

“Ìyá wọn, ṣé èmi ni mo pa Màmá?”

Ó ní, “Fíríìjì yẹn burú, ó yẹ kó kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹ kọ́ ní Ìlọrin, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi Màmá léèrè ohun tó ń fi í ṣe. Nígbà tó sì sọ ọ́ fún yín tán, ẹ ní Sátidé.”

Ó wọlé padà. N kò bínú sí i, torí kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, mo di sílíńdà méjì tó kù sínú àpò, mo fẹ́ gbé wọn lọ sí Ìlọrin fúnra mi. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní òun kò gbé gáàsì, kó má baà jó òun àti èrò. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì gbà nígbà tí mo ti bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ní kí n san owó èrò méjì sí i. Mo dé àdúgbò tí ọ́fíìsì náà wà. Yàrá náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọmọdé. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níbẹ̀ ní òun kò mọ àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, kò lọ. Mo ra omi mu, mo wọ ọkọ̀ padà sí Òsì, àwọn sílíńdà náà wà láàárín ẹsẹ̀ mi.

Abẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi ni wọ́n wà báyìí, níbi tí òjò kò lè dé. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi omi ọṣẹ tó ń hó pa ẹnu wọn láti wò bóyá wọ́n ń jò. Mo ti ra ìkẹta, torí iṣẹ́ ṣì ń wá díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè padà sí bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi bi mí ní àná pé títí di ìgbà wo ni màá máa kó wọn jọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní n kò mọ̀.